Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé? Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ìrẹ́pọ̀ Àdúgbò Lákòókò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jókòó síwájú, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní ìdúró lẹ́yìn: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lè mú kí aráàlú wà ní ìrẹ́pọ̀ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé orí ìwé orúkọ ni ìrẹ́pọ̀ ti ń yè tàbí tó ti ń bàjẹ́ lásìkò bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ebi ń pa? Ta ni wọ́n fò? Ta ló di kálámù mú? Níbo ni wọ́n ti ka ìwé náà sétí gbogbo ènìyàn? Ìjọba tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó pé, kí aráàlú sì gbà á gbọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ní ọdún 2020, òun gan-an la fi sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí bó ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó balẹ̀ sí Èkó, tó sì ti dé ibi iṣẹ́ ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé láti agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá yóò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, wọ́n tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn kún un. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà díẹ̀díẹ̀.

Ìjọba Ògùn bẹ̀bẹ̀ pé kí tiwọn di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, kí àwọn lè rí oúnjẹ kó jọ kí ìlẹ̀kùn tó tì. Mo máa ń yìn wọ́n fún ìyẹn. Ẹni tó bá ní kí ènìyàn jókòó sílé gbọ́dọ̀ ti ronú kan ohun tí onítọ̀hún yóò jẹ. Ẹni tó ń dín àkàrà ní ìdí gáréèjì, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, alágbàṣe tó ń po sìmẹ́ńtì, owó tí wọ́n rí lónìí ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́ òní. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe dókítà ogún sórí rédíò kí wọ́n máa kéde pé kí á fọwọ́, kí á jìnnà síra wa, etí tí ebi ti di kò ní gbọ́.

Ìjọba Èkó náà ti kéde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta pé àwọn yóò kọ́kọ́ pín oúnjẹ fún ìdílé 200,000: ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, búrẹ́dì, omi, fítámì sí. Ohun tó dára ni, kò sì rọrùn láti ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ Èkó la ń sọ yìí, ìlú tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ dáadáa. Nígbà tí ẹrù dé àdúgbò, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò múra sílẹ̀ fún dìde: ìdílé wo? Ilé alájà kan lè ní ìdílé mẹ́jọ nínú. Yàrá kan ṣoṣo lè gba ìyá, ọmọ mẹ́rin, àbúrò ọkọ àti ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yin náà rí fídíò tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, búrẹ́dì kékeré àti ìrẹsì díẹ̀ tí wọ́n ní kí gbogbo òpópónà kan pín.

Ẹ wá wo ẹni tí ìbínú náà bọ́ sí lórí. Ẹni tí kò rí nǹkan gbà kò lè dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Alága ẹgbẹ́ onílé tó ń gbé ojúlé kejì ló rí, òun ló sì fẹ̀sùn kàn pé ó kó pálíétíìfù pamọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ní àdúgbò kan, òótọ́ ni. Ní òmíràn, irọ́ gbáà ni. Kò sí ìwé kankan tí a lè ṣí láti fi dá ẹjọ́ náà. Àwọn ayálégbé ní onílé nìkan ni wọ́n kọ. Àwọn àlejò ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Opó tí kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ kankan kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pín nǹkan, àfi ìgbà tó rí ọ̀rá tó ṣófo nínú ìdọ̀tí aládùúgbò rẹ̀. Àwọn tó ti ń kí ara wọn láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo ara wọn. Lẹ́yìn tí àrùn ti rọlẹ̀, èyí kò rọlẹ̀. Àwọn àdúgbò kan wà tí ìpàdé òṣooṣù wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ títí dòní.

Ìjọba àpapọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin yẹn, Ààrẹ ní kí wọ́n mú iye ìdílé tó wà nínú ìwé àwọn aláìní kúrò ní mílíọ̀nù 2.6 sí mílíọ̀nù 3.6 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Mílíọ̀nù kan ìdílé tuntun, ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí àṣẹ wà pé kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ta ni yóò rìn lọ kọ orúkọ wọn? Inú ọ́fíìsì kan ní Àbújá kọ́ ni wọ́n ti lè mọ̀ pé ọkùnrin tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń tún bàtà ṣe, kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́ láti ọjọ́ kẹta. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn lè mọ̀, bí ó bá jẹ́ kánsẹ́lọ̀ tòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin wò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. 774 ni wọ́n jẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní àwọn ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, 137 ni. Àfikún kẹrin nínú ìwé náà ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, ilé fún àwọn aláìní àti aláìlera, kíkó ìdọ̀tí, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, sísọ òpópónà lórúkọ, fífi nọ́ńbà sí ojúlé, àti ipa tiwọn nínú ètò ìlera. Bí ẹ bá ní kí onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn jókòó kó kọ ohun tí òun nílò, ohun tó máa kọ kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Èrò ọjà ni àrùn ń wá. Gáréèjì ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Àkọsílẹ̀ ikú ló máa sọ fún wa bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà ojúlé ni òṣìṣẹ́ ìlera fi máa padà wá bá ẹni tó fara kan aláìsàn. Mélòó nínú àwọn ojúlé wa ló ní nọ́ńbà tó ṣeé rí lónìí? Ẹ bojú wo ìta bí ẹ bá ń lọ sílé.

Àwọn tó dàgbà nínú yín rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé dé ilé. Bí wọ́n bá ti fojú kàn án lókèèrè, ariwo á ta, ìyá á sáré gbá ẹ̀yìnkùlé, ọmọ á sáré da omi tó ti pẹ́ nínú ìkòkò nù. Ó máa ń yọjú sínú àmù, ó máa ń wo ilé ìyàgbẹ́, ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ yóò dé kóòtù. N kò sọ pé kí ìbẹ̀rù yẹn padà wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé wolé-wolé mọ iye ènìyàn tó ń sùn nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ń wúkọ́, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ìmọ̀ yẹn la jẹ́ kó bọ́ sọnù nígbà tí káńsù wa di ibi tí wọ́n ti ń san owó oṣù lásán.

Síbẹ̀, wíwọ ilé dé ilé nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé influẹ́ńsà wọ Èkó. Ìjọba àwọn òyìnbó rán òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó láti ilé dé ilé láti wá àwọn aláìsàn jáde. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi èèyàn wọn ṣe, wọ́n fi wọ́n pamọ́. Ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú wọn, àrùn náà sì bá wọn lọ. Òṣìṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò bá a dé.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ọdún 2014. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ni Patrick Sawyer gbé Ẹ̀bólà láti Làìbéríà wọ pápákọ̀ òfurufú Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ọbáléndé kọ̀ láti jẹ́ kó jáde kúrò ní ọsibítù, ìwà akin yẹn sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Gbogbo ayé ló ń retí pé Èkó máa jóná. Kò jóná. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Wọ́n wá nǹkan bí 900 ènìyàn tó fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú nígbà tó lé ní 18,000, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlélógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe é, ara iṣẹ́ pólíò ni wọ́n ti kọ́ ọ: àwọn òṣìṣẹ́ tó ti rìn àdúgbò wọ̀nyẹn rí, tí àwọn ìyá ti mọ ojú wọn nítorí pé àwọn ló ń kán oògùn sí ọmọ wọn lẹ́nu. Obìnrin tó bá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ tó ní, "Ìyá Tósìn, ẹ káàárọ̀, ṣé ara le? Ẹ jẹ́ kí n wọn bí ara yín ṣe gbóná sí," ìyẹn kì í ṣe ọlọ́pàá lójú ẹni tó ń dá lóhùn.

Ọ̀ràn Èjìgbò ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀, nítorí ó kó gbogbo ohun tí mo ń sọ jọ. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ pé ìlú náà ní apá kejì sí Ivory Coast. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan àti àyíká rẹ̀. Owó wọn ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé tó wà nílùú, ọmọ wọn ń sọ Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá, bọ́ọ̀sì sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ibẹ̀ àti ibí. Ní ìparí oṣù Kẹta 2020, ènìyàn 127 tó ń bọ̀ láti Ivory Coast wọ Ọ̀ṣun. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá wọn dúró, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Èjìgbò fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, iye àwọn tó ní àrùn ní Ọ̀ṣun fò dé ogún láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wá láti àárín àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyẹn.

Ẹ ronú ohun tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ìlú kan. Àná, ọmọ Abidjan ni wọ́n ń pè é, tí gbogbo ẹbí ń retí ẹrù rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó gbé ikú wọlé. Àwọn ìlú tó yí Èjìgbò ká gbọ́, orúkọ Èjìgbò sì di orúkọ àrùn lẹ́nu àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tó ń gbé ẹ̀fọ́ láti Èjìgbò lọ sí ọjà ìlú mìíràn, báwo ni wọ́n ṣe máa kí i? Ẹni tó ti wà níyàsọ́tọ̀ tó sì ti bọ́, tí àyẹ̀wò ní kò ní àrùn mọ́, ta ni yóò mú un lọ́wọ́ wọlé kí ẹbí tó gbà á? Dókítà lè fún un ní ìwé pé ara rẹ̀ ti dá. Aládùúgbò rẹ̀ kò ní ka ìwé yẹn. Ojú ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n máa wò: alága káńsù, ọba tàbí baálẹ̀, ìmáàmù, olórí ẹbí. Bí alága bá bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó dúró bá ẹbí sọ̀rọ̀, tí àwọn ará òpópónà sì rí i, ìyẹn lágbára ju ìkéde ẹgbẹ̀rún lórí rédíò lọ. Owó tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ná káńsù kò pọ̀, àkókò àti ìgboyà ló ń gbà. Mo sì fẹ́ kó wà nínú ìlànà iṣẹ́ yín, kó má jẹ́ pé inú rere ẹnì kan ni a óò máa gbójú lé.

Ohun kejì tí Èjìgbò kọ́ wa ni pé ìwé orúkọ gbọ́dọ̀ ní àwọn tó wà lájò nínú pẹ̀lú. Káńsù tó bá mọ ilé tí ọmọ wọn wà ní Abidjan, ní Kútọnu, ní Kánò tàbí ní London, ó mọ ibi tí òun máa kọ́kọ́ yà sí tí àrùn bá ṣẹ́yọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn. Ta ló ti bèèrè lọ́wọ́ wọn rí?

Nínú oṣù Kẹrin yẹn kan náà, ìbẹ̀rù mìíràn gba Èkó àti Ògùn kan. Ariwo ni pé àwọn ọmọ Àwáwà àti àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá kó àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn: Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Alímòṣọ́, Sàǹgó, Ọ̀tà. Àwọn kan nínú ìkọlù náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ohùn tí wọ́n gbà sórí WhatsApp sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde lálẹ́ pẹ̀lú àdá, igi àti iná táyà, wọ́n ń ṣọ́nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé òpópónà kan fún ọdún mẹ́wàá láìmọ orúkọ ara wọn di ọ̀rẹ́ nídìí iná yẹn. Ayálégbé jókòó ti onílé, Ìgbò jókòó ti Yorùbá, wọ́n jọ ń jẹ iṣu sísun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọkùnrin tó ṣì ọ̀nà lálẹ́, tí kò lè dárúkọ ẹnì kan ládùúgbò, lè kú láìṣẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí káńsù ti bọ́ sáàárín nìyẹn: kí ó kọ orúkọ àwọn tó ń ṣọ́nà, kí wọ́n ní olórí tí àwọn ọlọ́pàá mọ̀, kí àṣẹ wà pé ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfọwọ́ kàn án. Níbi tí ìyẹn kò sí, àwọn tó ní àdá nìkan ni òfin.

Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba náà kò sì mọ́ lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kónílé-ó-gbélé, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn orílẹ̀-èdè yìí ní àwọn agbófinró ti pa ènìyàn méjìdínlógún lọ́nà tí kò bófin mu káàkiri Nàìjíríà. Ní àsìkò tí wọ́n sọ ọ́, àwọn tí kòrónà pa kò tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí gidigidi nígbà tí mo kà á, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá rán ẹni tí kò mọ àdúgbò lọ fi ẹgba dá àdúgbò lẹ́kun, ó ti gbé ìbọn síwájú ọ̀rọ̀.

Oṣù Kẹwàá ni ọgbẹ́ náà wá bẹ́. Àwọn oníṣòwò ńlá ti kó owó jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní CACOVID láti ra oúnjẹ fún ìdílé tó tó mílíọ̀nù 1.7 ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 2020, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lẹ́kí, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza, l'Èkó. Ọjọ́ kejì, ó kan Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun, ó kan Ìlọrin, ó sì ràn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ rí wọn: ìyá arúgbó gbé kátọ̀nì indomie lórí, ọmọ iléèwé di àpò ìrẹsì mú. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pípín ṣì ń lọ lọ́wọ́, pé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí àrùn bá tún gbérí. Ó ṣeé ṣe kí àlàyé yẹn jẹ́ òótọ́ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ti sọ ọ́ fún kó tó di ọjọ́ yẹn? Ká ní ìwé kan wà lára ògiri káńsù láti oṣù Kẹfà, tó ní àpò báyìí ló dé, báyìí ló jáde, àwọn wọ́ọ̀dù yìí ló ti gbà, àwọn yìí ló kù, àwọn tó fọ́ ilẹ̀kùn yẹn ìbá ti mọ ìgbà tí tiwọn ń bọ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni pé ẹnì kan fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn lójú.

Ẹnìkan máa ní, "Ọ̀gá, káńsù wo lẹ ń sọ? Káńsù tí kò lówó lọ́wọ́?" Ìbéèrè yẹn tọ́. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ti tú àwọn alága tí aráàlú dìbò yàn ká ní oṣù Karùn-ún 2019, ìdìbò mìíràn kò sì wáyé títí di oṣù Karùn-ún 2021, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìtúká náà kò bófin mu. Nítorí náà, gbogbo ọdún kòrónà yẹn, káńsù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò ní alága kan tí aráàlú lè sọ pé, "Àwa la yàn ọ́, wá jíhìn." Ọ̀yọ́ nìkan kọ́, alága tí gómìnà fọwọ́ kàn án yàn pọ̀ káàkiri. Owó tiwọn sì ń gba inú àpò kan tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì máa ń parí sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, àti pé káńsù tí wọn kò dìbò yàn kò tọ́ sí i. Mo yọ̀ sí ìdájọ́ náà. Àmọ́ owó tó bá dé ọwọ́ káńsù tí kò mọ orúkọ aráàlú rẹ̀, jíjẹ ni wọ́n máa jẹ ẹ́. Ìwé orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Báwo ni kí ẹ ṣe é? Kí ó jẹ́ òpópónà kan lẹ́ẹ̀kan, kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó wọ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ pín. Kí kánsẹ́lọ̀, aṣojú ẹgbẹ́ onílé, aṣojú ayálégbé, obìnrin kan láti ọjà àti ọ̀kan nínú àwọn àlejò tó ń gbé ibẹ̀ jọ rìn pọ̀. Ẹ má fi ayálégbé sílẹ̀. Èkó, Ìbàdàn àti Ọ̀tà, àwọn ló pọ̀ jù. Ẹ má fi Sábó sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2020, nígbà tí wọ́n ń dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ènìyàn pamọ́ sáàárín ẹrù padà ní ẹnubodè wa, ọ̀pọ̀ Hausa tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Yorùbá di ẹni ìfura nílùú tí wọ́n ti ń gbé láti kékeré. Seriki wọn mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó ti pẹ́. Ẹ pè é sí ìpàdé kí ọ̀rọ̀ tó le, kó má jẹ́ pé ọjọ́ wàhálà ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka ìwé yẹn sókè ní gbangba. Inú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́, lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n ka orúkọ ojúlé, kí ẹni tí wọ́n fò dìde kó sọ ọ́, kí ẹni tó ti kú kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní aláìní lójú ayé, nítorí náà ẹ ka gbogbo ojúlé, ọlọ́rọ̀ àti tálákà pọ̀. Iye ènìyàn àti iṣẹ́ wọn nìkan ni kí ẹ kà. Ìtìjú kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ojúlé tirẹ̀ létí ara rẹ̀ kò ní gbà nígbà tí wọ́n bá wá sọ fún un pé wọ́n gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ti ọjà, ẹ gbọ́ ti àwọn ìyálọ́jà. Ní Èkó, wọ́n ní kí ọjà oúnjẹ máa ṣí ní ọjọ́ kan kó sinmi ní ìkejì, láti agogo mẹ́wàá sí agogo méjì ọ̀sán. Wákàtí mẹ́rin fún gbogbo ayé láti ra oúnjẹ: ọjà wá kún ju ti ìgbà tí kò sí àrùn lọ. Bí wọ́n bá ti bi ìyálọ́jà, òun ló máa sọ pé kí aláta ṣí lónìí, kí elẹ́ja ṣí lọ́la, kí ìlà kan fi àyè sílẹ̀ fún ìkejì. Gbígbé ọjà lọ sínú ọgbà iléèwé, tí Èkó náà gbìyànjú, ìyẹn dára púpọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ètò yín.

Ní ti òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kò sí ohun tó ń tú ìlú ká bí kí wọ́n gbé òkú bàbá ẹni lọ kí ọmọ má mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹbí máa gbà pé kí wọn má wẹ òkú, wọ́n máa gbà pé kí ènìyàn mẹ́ta péré dúró, bí ìmáàmù tí wọ́n mọ̀ bá wà níbẹ̀ tó kí ìrun sí i lára, bí ẹnì kan nínú wọn bá sì rí sàréè náà. Káńsù ló ni itẹ́ òkú. Kí káńsù mọ ẹni tó máa dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ tó wà níbí, mo ti bá alákòóso sọ ọ́, ìwé wà lórí tábìlì nídìí ilẹ̀kùn. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ àti iye òpópónà tó wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iye òpópónà wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó fi àyè náà sílẹ̀, kó padà wá kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó bá ti rìn ín. Mo ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni tó bá pè mí rìn.